Ẹ̀kọ Nìkan Kò Tó Ọmọ

Ẹni tó bá ti sẹ́ ògì rí mọ ohun tó máa ń kù lórí asẹ́. Àgbàdo ti wà nínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ó ti rọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan, wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ẹ̀rọ, ó ti kúnná. Bí a bá ti ń da omi sí i lórí asẹ́, ògì funfun yóò máa ṣàn bọ́ sínú abọ́, èèrí yóò sì kù lókè. Èèrí yìí la ń kó fún ewúrẹ́ àti àgùntàn. Èèpo àgbàdo wà nínú rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe èèpo nìkan. Ojú àgbàdo, ibi kékeré tó máa ń hù bí a bá gbìn ín, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ ọ̀rá àgbàdo wà, pẹ̀lú èyí tó dára jù nínú èròjà amáradàgbà rẹ̀. Ohun tó kọjá sínú abọ́, tí a ó fi po ẹ̀kọ fún ọmọ oṣù mẹ́fà, èròjà afáralókun ló kún inú rẹ̀. Ẹran ọ̀sìn jẹ ibi tó lọ́ràá, ọmọ mu èyí tó kù.

N kò sọ èyí láti fi ba ògì lórúkọ jẹ́. Ògì rọrùn láti gbé mì, kò wọ́n, kò sì sí àdúgbò tí a kò ti lè rí i rà láàárọ̀. Kíkan tó ń kan pàápàá wúlò, torí pé ọ̀pọ̀ kòkòrò àìsàn kì í fẹ́ràn inú omi kíkan. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo abiyamọ mọ̀, àti ìyá àgbà tó ń bá wọn tọ́jú ọmọ, àti àwọn bàbá tó ń fún wọn lówó ọjà, ni pé ẹ̀kọ nìkan, bó ti wù kó mọ́ tó, kò lè tọ́ ọmọ dàgbà. Ó nílò alábàárìn, ó sì gbọ́dọ̀ ki. Àwọn alábàárìn náà kò jìnnà. Ọjà tí a ti ń ra ògì yẹn náà ni wọ́n wà.

Oṣù mẹ́fà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ààlà sí. Kí ọmọ tó pé oṣù mẹ́fà, ọmú ìyá nìkan tó o: kò nílò omi, kò nílò àgbo, kò nílò gúlúkóòsì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ọmú ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ títí ọmọ yóò fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ kò ní lè dá a ṣe mọ́. Ìdí pàtàkì kan ni èròjà irin, èyí tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tí ọpọlọ ọmọ sì nílò láti dàgbà. Láti inú oyún ni ọmọ ti kó irin tirẹ̀ pamọ́. Nígbà tó bá fi máa pé nǹkan bí oṣù mẹ́fà, èyí tó kó pamọ́ yẹn ti ń tán lọ, irin tó wà nínú ọmú kò sì pọ̀. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà ṣírò rẹ̀ pé mílígíráàmù 11 irin ni ọmọ oṣù méje sí oṣù méjìlá nílò lójúmọ́. Mílígíráàmù 8 ni ti ọkùnrin tó ti dàgbà. Ẹ ò rí i pé ohun tí ọmọ tí a ń gbé lẹ́yìn nílò ju ti bàbá rẹ̀ lọ.

Oṣù nìkan kọ́ la fi ń mọ̀ pé ọmọ ti tó oúnjẹ jẹ. Ọrùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ le dáadáa, kó lè jókòó bí a bá dì í mú díẹ̀. Ahọ́n rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa ti gbogbo ohun tí a bá fi sí i lẹ́nu padà síta mọ́. Yóò sì ti máa nawọ́ sí àwo yín, yóò máa wo ẹnu yín bí ẹ bá ń jẹun. Ọmọ oṣù mẹ́ta tó ń jẹ ìka rẹ̀ kò tíì sọ pé òun ń béèrè ẹ̀kọ. Bí ó bá ń sunkún lóru, ọmú ni kí ẹ fún un, kì í ṣe ògì.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ikùn ọmọ kéré. Nǹkan bíi mílílítà 30 ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ọmọ bá wọ̀n, èyí tó túmọ̀ sí pé ọmọ kílò 8 kò lè gbà ju 240 lọ. Ife kan tó gba mílílítà 250 kò ní wọlé tán. Ọmọ oṣù mẹ́fà sí oṣù mẹ́jọ tó ń mu ọmú dáadáa sì nílò nǹkan bíi kálórì 200 lójúmọ́ láti inú oúnjẹ mìíràn yàtọ̀ sí ọmú. Bí ó bá di oṣù mẹ́sàn-án sí oṣù mọ́kànlá, ó di 300. Láti ọdún kan títí dé ọdún méjì, ó di 550.

Ẹ wá wo ẹ̀kọ olómi tí a ń pò fún ọmọ kó lè fà á nínú fídà. Bí ògì gbígbẹ tó wà nínú mílílítà 100 ẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ gíráàmù 7, kálórì tó wà níbẹ̀ kò pé 30. Kí ọmọ tó lè rí 200 nínú rẹ̀, yóò mu ohun tó lé ní mílílítà 700, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ife mẹ́ta, lórí ọmú tó yẹ kó mu. Kò sí àyè fún un. Omi yóò kún ikùn rẹ̀, ọmọ yóò gbàgbé ọmú, yóò sùn, a ó sì rò pé ó ti yó. Mo ti rí ọ̀pọ̀ ìyá tó ń ṣe làálàá láti po ẹ̀kọ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, tí wọ́n ń ṣe ohun tí wọ́n bá nílé tọkàntọkàn, tí apá ọmọ sì ń tín-ín-rín. Ẹ̀bi wọn kọ́. Kò sí ẹni tó ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ikùn kékeré yìí fún wọn.

Ṣíbí ni kí ẹ fi dán ẹ̀kọ wò. Ẹ bu ẹ̀kọ tó ti jiná, ẹ dojú ṣíbí dẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá dà bí omi, kò tíì tó. Bí ó bá dúró sórí ṣíbí, tó jẹ́ pé ńṣe ló ń rọra yọ̀ bọ́, ó ti di oúnjẹ.

Ní àwọn ọdún 1980, ètò kan wáyé ní Ìpínlẹ̀ Kwara lórí oúnjẹ àwọn ọmọ tí àrùn ìgbẹ́ gbuuru ń yọ lẹ́nu. Àwọn tó ṣe é kò kó oúnjẹ inú agolo wá. Wọ́n wọ inú ilé lọ, wọ́n wo ohun tí àwọn ìyá ń sè, wọ́n sì tún ẹ̀kọ ṣe pẹ̀lú ohun tó wà nílé: ìyẹ̀fun ẹ̀wà tí a yan, àti epo pupa. Ẹ̀kọ Ìlera ni wọ́n sọ ọ́. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ìyá tó ń bímọ lónìí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí, nítorí ọgbọ́n inú rẹ̀ kò tíì di àtijọ́. Ọkà àti ẹ̀wà máa ń gbe ara wọn. Ohun tí èròjà amáradàgbà àgbàdo kò ní tó, ẹ̀wà ní i, èyí tí ẹ̀wà kò ní tó, àgbàdo ní i.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ̀wà funfun tàbí pupa yóò ṣe. Ẹ ṣà á, ẹ rẹ ẹ́ díẹ̀, ẹ bó èèpo rẹ̀ bí ẹ ti ń ṣe fún mọ́ínmọ́ín, kí ẹ sì sá a kó gbẹ dáadáa. Ẹ gbé ìkòkò gbígbẹ kaná, ẹ da ẹ̀wà sí i, iná kò gbọ́dọ̀ pọ̀. Ẹ máa rò ó láìdáwọ́ dúró títí yóò fi pọ́n díẹ̀, tí òórùn rẹ̀ yóò máa ta sánsán. Bí ó bá ti tutù, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná, kí ẹ sì kó o sínú ike tó lómorí. Tí ẹ bá fẹ́ po ẹ̀kọ, ẹ mú ògì tútù ṣíbí ìjẹun mẹ́ta tó kún, ìyẹ̀fun ẹ̀wà ṣíbí kan, ẹ fi omi tútù díẹ̀ pò wọ́n pọ̀ kí wọ́n má ṣe kókó. Ẹ da ife omi kan sí i, ẹ gbé e kaná, kí ẹ sì máa rò ó. Bí ó bá ti ki, ẹ dín iná kù, kó ṣì wà lórí iná fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nítorí ẹ̀wà gbọ́dọ̀ jiná dénú kí inú má bàa run ọmọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi epo pupa ṣíbí kékeré kan sí i. Ṣíbí epo yẹn nìkan fi nǹkan bíi kálórì 40 kún un láìfi omi kún un, fítámì A tó ń tọ́jú ojú ọmọ sì ń bọ̀ látinú àwọ̀ pupa inú epo náà. Bí ẹ bá fi ẹja gbígbẹ tàbí edé tí ẹ ti lọ̀ kúnná wọ́n ọn, ó ti di odidi oúnjẹ. Kálórì tó wà nínú mílílítà kan ẹ̀kọ yìí ju ìlọ́po méjì ti ẹ̀kọ olómi inú fídà lọ.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ o. Ẹ̀kọ tó ki máa ń le bí ó bá ń tutù, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń jẹun lè máa tì í síta. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á da omi lé e, a sì ti padà síbi tí a ti ń bọ̀. Ọ̀nà mìíràn wà, àwọn tó ń ṣe ọtí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ti mọ ìdajì rẹ̀: àgbàdo híhù. Ẹ rẹ àgbàdo mọ́jú, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ tútù tó mọ́, ẹ bò ó, kí ẹ máa wọ́n omi sí i. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta yóò hù. Ẹ sá a nínú oòrùn títí yóò fi gbẹ, ẹ fi ọwọ́ ra gbogbo ọ̀mùnú àti gbòǹgbò rẹ̀ dànù, kí ẹ sì lọ ìyókù. Bí ó bá jẹ́ ọkà bàbà lẹ lò, ẹ má ṣe fi ọ̀mùnú kankan sílẹ̀ lára rẹ̀, nítorí májèlé wà nínú ọ̀mùnú ọkà bàbà.

Ẹ wá wo ohun tí ìyẹ̀fun yìí ń ṣe. Ẹ po ẹ̀kọ kó ki gan-an, kó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí èyí tí a ń wé mọ́ ewé. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí híhó rẹ̀ rọlẹ̀, kó ṣì gbóná. Ẹ fi ìyẹ̀fun àgbàdo híhù ṣíbí kékeré kan sí i, kí ẹ sì máa rò ó. Kò ní pé ìṣẹ́jú mélòó kan tí ẹ ó fi rí i tí ṣíbí yóò máa fúyẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ̀kọ tó ń fà mọ́ ìkòkò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, láìjẹ́ pé ẹ fi omi kankan sí i, adùn díẹ̀ yóò sì wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ọkà bá ń hù, ó máa ń ní èròjà kan tó ń gé ìyẹ̀fun sí wẹ́wẹ́, òun ló ń ṣiṣẹ́ yìí. Gbogbo oúnjẹ tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó kàn rọrùn láti gbé mì ni. Iná tó pọ̀ máa ń pa èròjà náà, ìdí nìyí tí a kò fi í fi í sí ẹ̀kọ tó ń hó. Àmọ́ bí ó bá ti rọ̀ tán, ẹ dá a padà sórí iná kó hó lẹ́ẹ̀kan sí i, torí pé ìdọ̀tí lè bá àgbàdo nígbà tó ń hù. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín dán wò.

Àwọn tó bá fẹ́ lo ẹ̀wà sóyà, ohun tó dára ni. Iléeṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Òṣòdì, tí a mọ̀ sí FIIRO, ló ṣe ògì onísóyà jáde, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á ní ike lónìí ló ń tẹ̀ lé ipa ọ̀nà yẹn. Kí ẹ kàn rántí pé sóyà tútù ní èròjà kan nínú tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ọmọ. Sísè tàbí yíyan dáadáa ló ń pa á. Ẹ má ṣe kó sóyà tútù pọ̀ mọ́ àgbàdo lọ sí ilé ẹ̀rọ kí ẹ sì rò pé iná ìṣẹ́jú márùn-ún tó o.

Ẹ jẹ́ ká dé orí ẹran, ẹja àti ẹyin, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dun ni jù. Nínú ọ̀pọ̀ ilé, ọmọ ni wọ́n máa ń fún ní omi ọbẹ̀, tí àgbà yóò jẹ ẹran. Wọ́n ní ọmọ tí a bá ń fún ní ẹran tàbí ẹyin ní kékeré yóò di olè. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹyin kò pọ̀, àmọ́ ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀ ni irú ọ̀rọ̀ yìí ń pa lára. Irin tó wà nínú ewébẹ̀ ṣòro fún ara láti gbà. Èyí tó wà nínú ẹran, ẹ̀dọ̀ àti ẹja wọra ní kíákíá, ó sì tún ń ran ara lọ́wọ́ láti gba ti ewébẹ̀ àti ti ẹ̀wà. Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ìlànà tó gbé jáde lọ́dún 2023, fẹ́ kí ọmọ láti oṣù mẹ́fà máa jẹ ẹran, ẹja tàbí ẹyin lójoojúmọ́. Kò ní kó pọ̀. Ẹyin sísè tó le dáadáa, kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀dùnkún. Ẹ̀dọ̀ adìyẹ tí a sè tí a sì lọ̀, díẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹja ṣáwá tí a ti yọ gbogbo egungun rẹ̀, tí a fi ìka wo inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹja gbígbẹ tí a gún sínú ìgò, tí a ń bù ṣíbí kan sí ohunkóhun tí ọmọ bá fẹ́ jẹ, kò náni lówó púpọ̀ rárá.

Bí ẹ bá ń se oúnjẹ fún gbogbo ilé, ti ọmọ wà nínú rẹ̀ kí ẹ tó mọ̀. Gbẹ̀gìrì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo oúnjẹ wa fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹun: ẹ̀wà tí a ti bó, tó ti jiná rọ̀ dáadáa, tí a ti fi ìjábẹ̀ já. Kí ẹ tó fi iyọ̀, ata àti magí sí i, ẹ bu ti ọmọ sọ́tọ̀, kí ẹ fi epo díẹ̀ àti ẹja lílọ̀ sí i. Ó parí. Bákan náà ni iṣu tí a fẹ́ fi ṣe àsáró, àti ànàmọ́, pàápàá èyí tí inú rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, tí fítámì A pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí ṣọkọ tí a ti bọ̀, tí a gé wẹ́wẹ́, lè wọ inú gbogbo rẹ̀. Ìbẹ́pẹ tó pọ́n, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, píà àti màngórò kò nílò iná rárá, ṣíbí la ó fi tẹ̀ wọ́n. Ọsàn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ń jẹ́ kí irin inú ẹ̀wà wọra. Iyọ̀ àti ṣúgà kò sí nínú ohun tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan nílò. Ẹnu rẹ̀ kò tíì mọ̀ wọ́n, ẹ má ṣe fi ẹnu tiyín tọ́ ọ wò kí ẹ sì sọ pé oúnjẹ náà tẹ́.

Ní oṣù mẹ́fà, ṣíbí méjì sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, a ó sì máa pọ̀ ọ́n sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tó ìdajì ife. Bí ó bá ti tó oṣù mẹ́jọ, ẹ dẹ́kun lílọ gbogbo nǹkan kúnná. Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ ni, kó ní kókó rírọ̀ díẹ̀ nínú, kí ẹ sì fún un ní èyí tó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú. Ọmọ tí a bá fi blẹ́ńdà tọ́ títí dé ọdún kan máa ń kọ oúnjẹ àwọn àgbà nígbà tó bá yá. Nígbà tó bá pé ọdún kan, oúnjẹ ilé ni kó máa jẹ, tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife tàbí odindi ife lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá kọ ohun tuntun lónìí, ẹ tún fún un lọ́la àti lọ́tùn-únla. Ó lè tó ìgbà mẹ́wàá kó tó gbà á.

Ẹ̀pà ń kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀ ìyá, pàápàá àwọn ènìyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn tí ara wọn kì í gba ẹ̀pà ti pọ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń ní kí wọ́n fi ẹ̀pà jìnnà sí ọmọ. Ní ọdún 2015, Ọ̀jọ̀gbọ́n Gideon Lack àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní King's College London gbé ìwádìí kan jáde tó yí ọ̀rọ̀ yìí padà. Àwọn ọmọ tó ṣeé ṣe gan-an kí ara wọn má gba ẹ̀pà ni wọ́n lò, tí wọ́n wà láàárín oṣù mẹ́rin sí oṣù mọ́kànlá. Wọ́n fún àwọn kan ní oúnjẹ ẹ̀pà déédéé títí dé ọdún márùn-ún, àwọn tó kù kò jẹ ẹ́ rárá. Nínú àwọn tó jẹ ẹ́, iye àwọn tí ara wọn kò gba ẹ̀pà fi ohun tó lé ní ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá dín kù sí ti àwọn tí kò jẹ ẹ́. Ẹ̀pà lílọ̀ tó kúnná, tí a pò mọ́ ẹ̀kọ, ló yẹ ọmọ, díẹ̀ ní àkọ́kọ́, láàárọ̀ tí ẹ lè máa wo ara rẹ̀. Ọmọ tí ifo líle bá wà lára rẹ̀, ẹ fi han dókítà ná. Ẹ̀pà odindi kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ó lè há a ní ọ̀nà ọ̀fun. Èyí tó bá sì ti bu, tó ti rún tàbí tó ń korò, ẹ dà á nù. Májèlé tí bíbu ń fi sínú ẹ̀pà àti àgbàdo kì í kú lórí iná, ẹ̀dọ̀ ọmọ ló sì máa ń bá jà.

Oyin ni ọ̀rọ̀ tó ṣòro sọ nínú ilé Yorùbá. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, a ń fi í ṣe àdúrà, a sì ń tọ́ ọ sí ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́nu. Àmọ́ kòkòrò kan lè wà nínú oyin, tí inú ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò lè bá jà. Ó lè hù nínú ìfun rẹ̀, kó tú májèlé tó ń sọ iṣan ọmọ di ọ̀lẹ, títí kan iṣan tó fi ń mí. Sísè kì í pa á. Mo bẹ̀ yín, kí ìyá àti bàbá tọ́ oyin wò nípò ọmọ, kí àdúrà náà sì pé bó ṣe yẹ kó pé.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kó ti kúrò nínú ilé wa: rírọ ọmọ. Wọ́n á tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe kòtò sí i lẹ́nu, wọ́n á da ẹ̀kọ sí i, nígbà mìíràn wọ́n á dí i nímú kó lè gbé e mì. Ẹkún ọmọ a máa dún láàárín ẹ̀kọ. Ọmọ tó ń sunkún ń fa èémí sínú, ẹ̀kọ lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, ó sì lè pa á lójú ẹsẹ̀ tàbí kó kó àìsàn ẹ̀dọ̀fóró bá a lẹ́yìn rẹ̀. Ìfẹ́ ló ń mú ìyá àgbà ṣe é, mo mọ̀, kí ọmọ má bàa sun ebi. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ọmọ jókòó, kó kọjú sí yín, kí ẹ fi ṣíbí kékeré kan ètè rẹ̀, kí ẹ dúró dè é kó lanu. Ẹ bá a sọ̀rọ̀, ẹ kì í ní oríkì rẹ̀. Bí ó bá yí ojú kúrò, ó yó. Oúnjẹ tó ki kò ní kó jẹ púpọ̀ kó tó yó, a kò sì ní rí ìdí láti rọ ọ́.

Ìdọ̀tí ló ń ba iṣẹ́ gbogbo èyí jẹ́. Àkókò tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ náà ni ìgbẹ́ gbuuru máa ń pọ̀ lára àwọn ọmọ. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó sè àti kí ẹ tó fún un, ẹ fọ ọwọ́ ọmọ náà pẹ̀lú. Ẹ se omi mímu rẹ̀. Ẹ gbé fídà kúrò nílẹ̀, nítorí ọrùn rẹ̀ àti ọmú rọ́bà rẹ̀ ṣòro fọ̀, ife àti ṣíbí tó o. Ẹ̀kọ àárọ̀ tí a fi sínú fúláàsì kó lè di ọ̀sán ń gbóná níwọ̀n tí kòkòrò fẹ́. Oúnjẹ tí ó bá ti lo wákàtí méjì níta, ẹ má ṣe fún ọmọ mọ́, èyí tó bá sì ṣẹ́kù nínú abọ́ tí ṣíbí ẹnu rẹ̀ ti wọ̀, kó má kọjá ìjókòó yẹn. Ibi tí iná ìjọba bá dúró, oúnjẹ lè lo ọjọ́ méjì nínú fíríìjì. Ibi tí iná bá ń ṣẹ́jú, ẹ se ìwọ̀nba tí yóò jẹ. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà, ẹja lílọ̀ àti àgbàdo híhù tó gbẹ ni kí ẹ máa kó pamọ́, wọn kò nílò iná.

Báwo la ó ṣe mọ̀ pé oúnjẹ náà ń ṣiṣẹ́? Ìwọ̀n ọmọ ni yóò sọ. Ní àwọn ọdún 1930, dókítà obìnrin kan tí wọ́n bí ní Jàmáíkà, Cicely Williams, ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè tí a mọ̀ sí Gánà lónìí. Ó rí àwọn ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn ń wú, tí irun wọn ń pọ́n, tí ara wọn ń bó, ó sì ṣàkíyèsí pé ẹ̀kọ àgbàdo ni wọ́n ń fún wọn lẹ́yìn tí wọ́n kúrò lẹ́nu ọmú. Kòṣíọkọ̀ ni àìsàn yẹn, ìwọ̀n ló sì lè jẹ́ ká tètè fura sí i. Ní àwọn ọdún 1950, David Morley, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ṣiṣẹ́, jókòó ti àwọn ọmọ ìlú Ìmẹ̀sí-Ilé. Níbẹ̀ ló ti ṣe káàdì ìwọ̀n, èyí tí ìlà rẹ̀ ń fi hàn bóyá ọmọ ń dàgbà bó ṣe yẹ. Káàdì yẹn ti tàn ká ayé, ó bẹ̀rẹ̀ láàárín wa níbí. Àmì tí nọ́ọ̀sì bá ṣe sórí rẹ̀, ẹ ní kó ṣàlàyé rẹ̀ fún yín kí ẹ tó kúrò. Bí ìlà náà bá dúró lójú kan fún oṣù méjì, ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ẹsẹ̀ ọmọ yóò wú.

Bí ọmọ bá ṣàìsàn, ẹ má ṣe dáwọ́ oúnjẹ dúró. Ẹ jẹ́ kó máa mu ọmú lemọ́lemọ́, ẹ fún un ní díẹ̀díẹ̀ nígbà púpọ̀, ohun tó bá fẹ́ràn jù, tó rọ̀. Lẹ́yìn tí ara rẹ̀ bá ti yá, ẹ fi oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan kún iye ìgbà tó máa ń jẹun lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, pẹ̀lú epo, ẹja àti ìyẹ̀fun ẹ̀wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e padà lọ wọ̀n.